Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò jọra: Bí a ṣe lè lò ó kí ìwé wa má bàjẹ́



Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kan, ní ilé-kéú kan tí mo ti ń bá wọn bójú tó ètò ìwé, ọmọdébìnrin kan gba èsì ìdánwò tí kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé náà, ṣùgbọ́n máàkì ìṣirò rẹ̀ tó jẹ́ 71 ti di 31. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé tí ó mú un wá sí ọ́fíìsì. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò ṣí ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, 71 ló wà níbẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà ní ọ́fíìsì náà. Méjì ń lo Windows, ọ̀kan tó ti pẹ́ ń lo Linux, ìkẹrin sì jẹ́ Mac tí olùkọ́ kan máa ń gbé wá láti ilé. Lórí Windows méjèèjì, ẹ̀dà ayédèrú tí a rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ládùúgbò ni a fi ń tẹ ìwé. Ní alẹ́ tí ó ku ọ̀la kí a tẹ èsì jáde, ọ̀kan nínú wọn kọ̀ṣẹ́, ó ní àṣẹ òun ti parí. Olùkọ́ kan wá fi fúláàṣì gbé fáìlì èsì lọ sórí kọ̀ǹpútà Linux, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò kò mọ̀. Òun wà lórí Windows kejì, ó ń tún máàkì kan tí wọ́n ti tẹ̀ ṣì ṣe, ó sọ 31 di 71. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ parí, ó dá fáìlì tirẹ̀ padà, ó sì gorí èyí tí olùkọ́ ìṣirò ti tún ṣe. Bí 71 ṣe tún padà di 31 nìyẹn.

Àwọn kan yára sọ pé nǹkan ọ̀fẹ́ tó wà lórí Linux ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ni a kò fẹnu kò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú àlàyé yìí ni pé kọ̀ǹpútà tí kò jọra lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ dáadáa, bí àwọn tó ń lò wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́rin: irú fáìlì, fọ́ǹtì, ibi tí fáìlì ń gbé, àti ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni sọ́fítíwíà àṣísílẹ̀?

Sọ́fítíwíà ni àwọn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà kí ó tó lè ṣe iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ lè tì í pa. Nígbà náà, a ó san owó kí a tó lò ó, a kò lè rí inú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣí tiwọn sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ará àti ọ̀rẹ́. Èyí ni mo ń pè ní sọ́fítíwíà àṣísílẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ ọ́fíìsì ni LibreOffice. Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tí ń jẹ́ Star Division ló kọ́kọ́ ṣe StarOffice. Ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà rà á ní 1999, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2000 pẹ̀lú orúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ yà sọ́tọ̀, wọ́n sì dá LibreOffice sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àjọ The Document Foundation, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Berlin, ló ń bójú tó o títí di òní. Nínú rẹ̀ ni Writer wà fún lẹ́tà àti ìwé, Calc fún ìṣirò àti èsì, àti Impress fún àwòrán tí a ń fi ṣe àlàyé níwájú èrò. Ohun tó jẹ́ kí ó wúlò fún ọ́fíìsì bíi tiwa ni pé ó wà fún Windows, ó wà fún Mac, ó sì wà fún Linux.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀dà ayédèrú. Ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà, tó sì ní kí a san owó kí a tó lò ó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí a bá jí i lò ní ilé-kéú tí a ti ń kọ́ ọmọ ní àmáánà, ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ẹnu wa ń wí. Yàtọ̀ sí èyí, a kò mọ ohun tí ẹni tó fọ́ ọ ti fi sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń jí páṣíwọ́ọ̀dù tàbí tó ń ti fáìlì mọ́ni lójú, inú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ló ń gbà wọlé. Kò sí ìdí fún un mọ́ nígbà tí èyí tó tọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkínní: Irú fáìlì

Ọ̀pọ̀ fáìlì ló ní ìrù lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Microsoft Word ń lo .docx, Excel ń lo .xlsx. Writer ń lo .odt, Calc sì ń lo .ods. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí wà lára irú fáìlì tí à ń pè ní OpenDocument. Àjọ ISO tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2006, ìlànà rẹ̀ sì wà ní gbangba. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwé yìgì tí a kọ lónìí, àwọn ọmọ tí a bá bí sínú ìgbéyàwó náà lè wá a ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Ìwé tí ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba, a ó máa rí ẹni tí yóò lè ṣe ohun tí yóò ṣí i, bí ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ kógbá wọlé.

LibreOffice lè ṣí .docx, Word náà sì lè ṣí .odt. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ló rí. Bí a bá túmọ̀ láti Lárúbáwá sí Yorùbá lẹ́ẹ̀kan, ìtumọ̀ ṣì lè péye. Bí a bá ń túmọ̀ lọ, túmọ̀ bọ̀, ohun kan yóò já bọ́ lọ́nà. Nínú fáìlì, àtẹ á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà á yí padà, àwòrán á sún kúrò láyè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fẹnu kò. Àdéhùn tiwa nìyí: iṣẹ́ inú ọ́fíìsì, .odt àti .ods nìkan. Ìwé tó ń jáde lọ síta tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, PDF ni. Ìwé tí ẹni ìta ní láti fi ọ̀rọ̀ kún, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan ní .docx, a ó sì pa ti wa mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ará ìta ń fi .docx ránṣẹ́ sí yín fún àtúnṣe, ẹ lè fi .docx ṣe àdéhùn tiyín. Ohun tó burú ni kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí a ti ń yan èyí ní "Tools", lẹ́yìn náà "Options", lẹ́yìn náà "Load/Save" àti "General". Ẹ yan ohun kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà.

Ìkejì: Fọ́ǹtì, àmì ohùn àti Lárúbáwá

Fọ́ǹtì ni ìrísí lẹ́tà. Bí a bá fi fọ́ǹtì kan tẹ ìwé lórí Windows, tí fọ́ǹtì náà kò sì sí lórí Linux, kọ̀ǹpútà yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí èyí tó fi rọ́pò bá fẹ̀ jù ú lọ, ojú ìwé méjì á di mẹ́ta. Àwọn kan ti rí èyí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe àwọn fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tí fífẹ̀ lẹ́tà wọn bá ti àwọn tí a mọ̀ dọ́gba. Carlito ń dúró fún Calibri, Caladea fún Cambria, Liberation Serif fún Times New Roman, Liberation Sans fún Arial. Wọ́n máa ń bá LibreOffice wá. Bí ẹ bá lò wọ́n lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ìlà ìwé yín kò ní máa sún kiri.

Èdè Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí ààyè kan ṣoṣo fún un. Lẹ́tà á kọ́kọ́ wá, àmì á sì tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ èyí á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Charis SIL, Gentium, Noto Sans àti Noto Serif ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tí àwọn atẹ̀wé kan ti yí lẹ́tà inú wọn padà, tó jẹ́ pé àmì mìíràn ni wọ́n ń tẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn, àwọn àmì àjèjì ni ẹ ó rí láàárín ọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows àti nínú Linux. Ẹ lo ìyẹn dípò rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Lárúbáwá pọ̀ mọ́ Yorùbá, ẹ lọ sí "Options", ní abala èdè, kí ẹ fàmì sí "Complex text layout". Bọ́tìnnì tó ń mú ìlà bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún á jáde sókè. Fọ́ǹtì Amiri dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Khaled Hosny, ọmọ Íjíbítì, ló ṣe é, ó sì wo ìrísí lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé Bulaq ní ìlú Cairo, tí àwọn àlùfáà wa mọ̀ dáadáa láti inú ìwé àtijọ́. Hosny yìí kan náà wà lára àwọn tó tún ọ̀nà tí LibreOffice ń gbà to lẹ́tà Lárúbáwá ṣe.

Ìkẹta: Ibi tí fáìlì ń gbé

Fúláàṣì ló ba èsì ọmọ yẹn jẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá fi fúláàṣì gbé fáìlì, fáìlì á di méjì, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ojúṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni pé kí fáìlì jẹ́ ẹyọ kan, kí ó wà lójú kan, kí gbogbo kọ̀ǹpútà sì máa rí i níbẹ̀.

Kò dìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Kọ̀ǹpútà Linux àtijọ́ yẹn tó láti ṣe é. Sọ́fítíwíà àṣísílẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Samba, tí Andrew Tridgell ti Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1992. Ó ń mú kí fódà orí Linux fara hàn lórí Windows bí ẹni pé ti Windows ni. Mac náà ń rí i. A so gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ráútà kan, a sì ṣe fódà kan fún èsì, ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún ìwé yìgì. A fún olúkúlùkù ní páṣíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kó rí fódà owó.

Ẹ ṣọ́ orúkọ fáìlì. Linux ka lẹ́tà ńlá sí ọ̀tọ̀, lẹ́tà kékeré sí ọ̀tọ̀: "Esi.ods" àti "esi.ods" lè wà pa pọ̀ níbẹ̀. Windows kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Windows kò gba àmì bíi ? àti : àti * àti / nínú orúkọ. Àdéhùn tiwa ni pé lẹ́tà kékeré nìkan la ó máa lò, a kò ní fi àlàfo sí i, ọdún ló sì máa ń ṣáájú: 2024-saa1-esi-kilaasi3.ods.

Ìkẹrin: Ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀

Bí ẹnì kan bá ṣí fáìlì nínú LibreOffice, ó máa ń fi fáìlì kékeré kan pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ".~lock". Àgádágodo ni. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣí fáìlì náà, LibreOffice á sọ fún un pé fáìlì yìí wà lọ́wọ́ lágbájá. Ó lè kà á, ṣùgbọ́n kò yẹ kó kọ nǹkan sínú rẹ̀ títí lágbájá á fi pa á dé. Bí olùkọ́ méjèèjì bá ti wà lórí fódà kan náà, ìkìlọ̀ yìí ìbá ti dá wọn dúró.

Kí àgádágodo yìí tó ṣiṣẹ́, nǹkan mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí "User Data" nínú "Options", kí a lè mọ ẹni tó wà nídìí fáìlì. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú fódà náà, nítorí ibẹ̀ ni àgádágodo ń gbé. Ìkẹta, kí gbogbo wọn máa lo LibreOffice fún àwọn fáìlì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ní ilẹ̀ wa, iná lè lọ nígbàkigbà. Bí iná bá lọ nígbà tí fáìlì wà ní ṣíṣí, àgádágodo á kù síbẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì wà nídìí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pé ṣé kò sí lórí rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó pa àgádágodo náà rẹ́.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìgbìmọ̀ ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní 2003 láti fi Windows sílẹ̀, kí wọ́n lọ sí Linux. Nígbà tó máa fi di 2013, kọ̀ǹpútà bíi 15,000 ti wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò ní 2017 láti padà sí Windows. Lára ohun tí wọ́n ń ṣàròyé lé lórí ni pé àwọn iṣẹ́ kan kò lè kúrò lórí Windows, àti pé ìwé tó ń ti ìta wọlé kì í bá tiwọn mu. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn àti àdéhùn wọn wúwo níbẹ̀ tó ti ẹ̀rọ.

Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ti ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi Windows sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n kọ́kọ́ gbé OpenOffice lé e lórí ní 2005. Ìgbà tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ́ ọn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ padà sí Linux láti 2008. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kọ̀ǹpútà tó lé ní 60,000 ti wà lórí Linux. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ẹ yí ohun tí ọwọ́ ń lò lójoojúmọ́ padà díẹ̀díẹ̀, ẹ má yí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

N kò ní tàn yín. Bí akọ̀wé owó yín bá ní fáìlì Excel tó kún fún makírò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀ kí ó máa dá ṣiṣẹ́, LibreOffice lè má lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà kan kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta máa tẹ̀wé sínú fáìlì Writer kan lẹ́ẹ̀kan náà, LibreOffice orí kọ̀ǹpútà yín kò wà fún ìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ ìjọba kan bá sì ní dandan ni Word, ẹ ra ojúlówó ẹyọ kan fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ìyẹn náà tọ́.

Ọ̀fẹ́ kò sì túmọ̀ sí pé kò ní ná wa ní nǹkan kan. Ó gba àkókò, ó gba sùúrù, ó gba kí ẹnì kan jókòó ti àwọn àgbà olùkọ́ tí ojú wọn ti mọ́ ibi tí bọ́tìnnì wà lórí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ gba LibreOffice láti libreoffice.org nìkan. Ó lé ní 300 MB. Ẹ gba ti Windows lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi fúláàṣì pín in fún gbogbo kọ̀ǹpútà Windows yín. Ó bófin mu. Kí gbogbo kọ̀ǹpútà wà lórí ẹ̀yà kan náà. Ẹ yan ẹnì kan tí a ó máa bi ní ìbéèrè. Ẹ kọ àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ fi iṣẹ́ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, bóyá lẹ́tà sí àwọn òbí, fún oṣù kan. Ẹ má fi èsì ìdánwò bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣe ẹ̀dà fódà náà sórí dírááfù mìíràn tí ó ń gbé kúrò ní ọ́fíìsì. Dírááfù orí Linux àtijọ́ náà lè kú nígbàkigbà. Kí a máa kọ ọjọ́ sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ti òní má gorí ti àná.

A tún èsì ọmọ náà tẹ̀, a fọwọ́ sí i. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, nítorí òun ló jìyà àìbìkítà àwa àgbà. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, kò sí èsì kan tó jáde ní ọ́fíìsì yẹn tí olùkọ́ kò fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, máàkì kan lẹ́yìn òmíràn, kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí àmáánà tó wà lọ́wọ́ wa yè lọ́wọ́ wa. Àmín.